Ohun Tí Mo Rí Níbi Àpèjọ Tí O Ṣe fún Àwọn Adití ní Ìkẹ́rẹ́

Èmùré-Èkìtì,
Ọjọ́rú, lẹ́yìn òjò.

Táyọ̀ ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo tún kí ọ kú iṣẹ́ tuntun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ náà gan-an ló mú kí n gbé bírò lónìí. Má bínú pé mi ò fi fóònù sọ ọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè ọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mi ò ní tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tí wàá ti máa sọ pé, "Mọ́mì, mo ti gbọ́, mo ti gbọ́." O ò gbọ́ nǹkan kan. Etí rẹ dá ṣáká, o ò sì gbọ́. Báńjí àbúrò mi, tí etí rẹ̀ ti di láti kékeré, máa ń jẹ́ kí n sọ tèmi tán kó tó fèsì. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé àga sí ẹ̀yìnkùlé, tí mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ. Kò sí bí o ṣe lè já lu ìwé lẹ́nu.

Nígbà tí àjọ yẹn gbà ọ́ wá láti Èkó sí Adó, tí wọ́n ní ìwọ ni kó máa ṣètò àpèjọ àti ìkówójọ fún àwọn adití ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Èmùré àti agbègbè wa gbogbo, mo kúnlẹ̀ nínú yàrá mi, mo dúpẹ́. Mo ní ta ló tún yẹ iṣẹ́ yìí ju ọmọ tí àbúrò ìyá rẹ̀ jẹ́ adití? Báńjí yìí ló máa ń gbé ọ lé èjìká káàkiri ọjà Ìsẹ̀ nígbà tí o wà ní kékeré. Ọwọ́ rẹ̀ ló kan bẹ́ẹ̀dì tí o kọ́kọ́ dá sùn lé. Mo rò pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa kọ́ ọ nípa adití. Ọmọ mi, ó sú mi.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí ní Ìkẹ́rẹ́ fún ọ, nítorí orí pèpéle lo wà, àwa la wà nílẹ̀.

O kọ ọ́ sínú ìwé ìpè pé aago méjìlá ọ̀sán ni ètò máa bẹ̀rẹ̀. Àwọn adití gbà ọ́ gbọ́. Kí ó tó di aago méjìlá, wọ́n ti pé sórí pápá náà, àwọn ará Ìsẹ̀, àwọn ará Èmùré, àwọn tó wá láti Ìjàn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Mọ́tò kan náà tí àjọ yín rán ni èmi àti Báńjí àti Yẹmisí ìyàwó rẹ̀ jọ wọ̀ wá. O mọ̀ pé adití ni Yẹmisí náà. A fẹ́ jókòó síwájú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí ẹ yà àwòrán sí ní rárá, ó ní àwọn àlejò pàtàkì ló ni iwájú. Ó kó gbogbo àwọn adití lọ sábẹ́ kánópì ẹ̀yìn, níbi tí òpó ti dí wọn lójú. Mo ní, "Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe tìtorí àwọn wọ̀nyí la ṣe ń ṣe é ni?" Ó ní, "Màmá, bí ọ̀gá ṣe ní ká ṣe é nìyẹn." Ìwọ ni ọ̀gá náà.

Ẹ gba ògbufọ̀, mo gbà. Ṣadé, ọmọ dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ mọ èdè adití bí ẹnu rẹ ṣe mọ Yorùbá. Ibo lẹ fi ọmọ yẹn sí? Ilẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà ńlá, lẹ́yìn ìkòkò òdòdó. Ó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, ẹni tó yẹ kó rí i ò rí i. Báńjí na ọrùn títí, ó wá yíjú sí mi, ó fi ọwọ́ bi mí pé, "Ta ni ọmọbìnrin yẹn ń bá sọ̀rọ̀?" Mo ní, "Ìwọ ni." Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà yẹn ó ṣì ń rẹ́rìn-ín.

A wá dúró de alága ọjọ́ náà. Sípíkà ń dún, ó ń mi àyà gbogbo wa, kò sì sí ohun tó kan àwọn tí a wá ṣe é fún nínú rẹ̀. Oòrùn yí, kánópì ò bo àwọn ará ẹ̀yìn mọ́. Wọ́n ń pín omi níwájú. Atọ́kùn ètò tí o gbà gbé máìkì, ó ní kí àwọn èèyàn ṣàánú "àwọn odi wa wọ̀nyí." Ó rò pé wọn ò gbọ́. Yẹmisí mọ bí wọ́n ṣe ń ka ètè. Mo rí i tó fọwọ́ kan orúnkún ọkọ rẹ̀, tó sì sọ ohun tó rí lẹ́nu ọkùnrin yẹn fún un. Báńjí ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ìgbà tí alága rẹ fi máa dé, ilẹ̀ ti ń ṣú. Iná jẹnẹrétọ̀ ń tàn lórí pèpéle nìkan. Ṣadé wà nínú òkùnkùn lẹ́yìn òdòdó rẹ̀, ó ń ju ọwọ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn ti pa wíwò tì, kò sí ohun tí wọ́n lè rí. Àsìkò yẹn gan-an lo wá ní kí wọ́n mú Báńjí gòkè wá. Mo rò pé o fẹ́ kó sọ̀rọ̀ ni. Mo tún gèlè mi ṣe, mo ń dúró kí n gbọ́ ọ̀rọ̀ àbúrò mi.

Ṣé o rántí ohun tí atọ́kùn yẹn ṣe? Ó lọ sí ẹ̀yìn Báńjí, ó pàtẹ́wọ́ gbà-à sí i ní ìpàkọ́, ó wá kọjú sí àwọn èèyàn, ó ní, "Ẹ rí i? Kò gbọ́." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ó tún pa á. Ìwọ wà níbẹ̀, o di etí bánà mú kó má baà wó.

Báńjí rí ẹ̀rín lójú àwọn èèyàn, ó yíjú padà, ó sì rí ọwọ́ ọkùnrin náà lókè. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí Ṣadé, ó ní kó gòkè wá síbi tí iná wà. Ọmọ náà gòkè wá. Báńjí fi ọwọ́ sọ ọ́, Ṣadé fi ẹnu sọ ọ́:

"Orúkọ mi ni Báńjí. Káfíńtà ni mí ní Ìsẹ̀. Mo ní ìyàwó, mo ní ọmọ. Ẹ ní ká wá síbi tí a ti máa sọ ohun tí àwa adití ń fẹ́. A ti wà níbí láti ọ̀sán, ẹnikẹ́ni ò bi wá. Mo ń lọ sílé."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo wọn dìde lábẹ́ kánópì ẹ̀yìn, wọ́n gbé ọmọ wọn, wọ́n jáde. Èmi náà tẹ̀lé wọn. Mo ṣì gbọ́ ohùn rẹ nínú máìkì tí ò ń sọ fún alága pé ọ̀nà ilé wọn ló jìn.

Ní ọjọ́ kejì o pè mí. Mo rò pé o fẹ́ sọ pé ojú ń tì ọ́. O ní, "Mọ́mì, Bọ̀ọ̀dá Báńjí dójú tì mí níwájú àwọn ọ̀gá mi. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n kó àwọn èèyàn wọn wá ká tún fọ́tò yà. Mo nílò rẹ̀ fún ìròyìn tí mo fẹ́ kọ." Mo yọ fóònù létí, mo wò ó bóyá ẹlòmíràn ló ń bá mi sọ̀rọ̀.

Ó dáa. Mo ti sọ ohun tí mo rí. Ó kù kí n bá ọ wí, kí n sì gbà ọ́ nímọ̀ràn, nítorí iṣẹ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ, mi ò sì fẹ́ kí ó bọ́.

Èkíní, ọ̀rọ̀ aago. Mo mọ̀ pé gbogbo wa la máa ń pẹ́ dé òde nílẹ̀ yìí. Ìyàwó ń pẹ́, òkú pàápàá ń pẹ́. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣú lé àwa tí a ń gbọ́ràn lórí, a ṣì lè máa sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn. Ìmọ́lẹ̀ ni ohùn àwọn adití. Tí o bá jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú, o ti bò wọ́n lẹ́nu, o sì ti dí wọn létí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí alága ò bá dé lásìkò, bẹ̀rẹ̀ láìsí i. Bí ó bá bínú, jẹ́ kó bínú. Kí ẹni tó ń túmọ̀ dúró síbi tí iná wà, kí àwọn tó ń wò ó jókòó síwájú. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ti àwọn wọ̀nyí kì í ṣe òwe lásán.

Èkejì, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, "odi," níbi tí ìwọ bá wà mọ́. Báńjí kì í ṣe odi. Bí ó bá ń bá Yẹmisí jà lórí owó epo, ọ̀rọ̀ tí ọwọ́ méjèèjì ń sọ máa ń pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dákẹ́. Bí atọ́kùn ò bá mọ èyí, ìwọ tí o gbà á ló yẹ kó kọ́ ọ. Àbí o fẹ́ sọ pé o ò mọ̀ ọ́n fúnra rẹ?

Ẹ̀kẹta ni èyí tó dùn mí jù, ọ̀rọ̀ àánú. Mi ò rò pé mo ti sọ ìtàn yìí fún ọ rí, tàbí kó jẹ́ pé mo sọ ọ́ tí o ní o ti gbọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Báńjí nígbà tí ibà líle kan dá a dùbúlẹ̀. Ibà lọ, etí kò padà. Bàbá wa dúró títí pé ó máa là, kò là. Nígbà tó yá, ẹnì kan wá sọ fún wa pé ilé ẹ̀kọ́ kan wà lọ́nà jíjìn níbi tí wọ́n ti ń kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ìwé, pé ọmọ máa gbé ibẹ̀ ni, ó sì máa ná wa lówó. Kòkó ò so dáadáa lọ́dún yẹn. Àwọn àgbà ìjọ wá sí ilé wa, èèyàn rere ni wọ́n, wọ́n ní ìkórè ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ní kí ìyá wa mú ọmọ náà wá síwájú pẹpẹ, kí wọ́n gbé igbá fún un mú, kí ìjọ rí i. Wọ́n ní bí àwọn èèyàn bá ti rí ojú ọmọ náà, àánú á ṣe wọ́n, wọ́n á na ọwọ́.

O ò bá ìyá mi láyé dáadáa, o kéré. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Kì í jiyàn pẹ̀lú ọkùnrin, ká má tíì sọ àgbà ìjọ. Lọ́jọ́ yẹn ó gbé ìjókòó fún wọn, ó fún wọn lómi, ó ní, "Ẹ ṣé o, ẹ̀yin bàbá. Ọmọ mi kì í ṣe ìran wíwò. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó wá sí ulé mi, kó bá a jẹ uṣu."

Bàbá wa bínú sí i. Ó ní ó ti lé oore sẹ́yìn. Ní ọjọ́ kejì ìyá wa lọ bá àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣe ẹgbẹ́ oko. Kò sunkún fún wọn. Ó sọ ohun tí ilé ẹ̀kọ́ ń fẹ́ fún wọn, ó ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀gẹ́ lóko fún òun ní díẹ̀, kí ẹni tí kò ní wá bá òun bó o. Wọ́n wá. Ẹ̀yìnkùlé wa kún. Àwọn kan ń bó, àwọn kan ń rin ín, àwọn kan wà nídìí agbada, èéfín gaàrí gba gbogbo àdúgbò. Èmi ni mò ń pọn omi, mò ń kùn lọ́nà pé nítorí ẹnì kan ṣoṣo. Báńjí náà wà níbẹ̀, ó ń kù ú ní ajọ̀, ìyẹ̀fun ti bo gbogbo ojú rẹ̀. Wọ́n ń rán an níṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń rán mi, bí ó bá sì da nǹkan nù, wọ́n á nà án ní ìka. Wọ́n ta gaàrí náà títí dé Àkúrẹ́, ọmọ sì wọ ilé ẹ̀kọ́.

Nígbà tó wá fún ìsinmi àkọ́kọ́, ọwọ́ rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀. Òun ló kọ́ gbogbo wa. Ìyá mi ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣì í sọ. Á fẹ́ sọ pé kó wá jẹun, á sọ pé kó lọ sùn, ọmọ á sì lọ dùbúlẹ̀ pẹ̀lú ebi nínú, kí gbogbo wa tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Àwọn obìnrin yẹn kò rí ọmọ tó ń ṣe wọ́n láàánú. Wọ́n rí ọmọ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Táyọ̀, òun náà ni o gbé sórí pèpéle ní Ìkẹ́rẹ́, níwájú ìyàwó rẹ̀, tí o jẹ́ kí àlejò máa pàtẹ́wọ́ sí i ní ìpàkọ́. Ohun tí ìyá mi kọ̀ fún àwọn àgbà ìjọ nígbà tí kò ní kọ́bọ̀, ìwọ ọmọ ọmọ rẹ̀ lo fi mọ́tò àjọ gbé e wá. Bí o bá fẹ́ tọrọ nǹkan fún ẹnì kan, sọ ohun tí ẹni náà fẹ́ fi ṣe. Má ta ojú rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? O mọ̀? Ó wà lára bánà rẹ pé ẹ̀rọ ìgbọ́ràn lẹ fẹ́ rà. Mo gbà, ẹ̀rọ yẹn wúlò fún àwọn tí etí wọn kò tíì di tán, mo mọ ọmọ kan ní Àgbàdo tó ń lò ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n Báńjí, Yẹmisí àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wá lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rọ kankan ò lè ṣe nǹkan sí tiwọn. Bí o bá bi wọ́n, wọ́n á sọ fún ọ. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. O ti ra abẹ, o ti pe àwọn òǹwòran, olórí ò sí níbẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń fẹ́, mo mọ̀ ọ́n, nítorí Yẹmisí fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Nígbà tí Yẹmisí fẹ́ bí àkọ́bí rẹ̀, Báńjí wà níbi iṣẹ́ ní Ìjàn, ó ń kan ilẹ̀kùn sí ilé kan. Ìrọbí mú un, ó dá lọ sí ilé ìwòsàn kan, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Wọ́n gba káàdì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó jókòó. Wọ́n ń pe orúkọ láti ojú fèrèsé. Yẹmisí tẹjú mọ́ ẹnu nọ́ọ̀sì náà kó lè ka orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì dorí kodò sí káàdì ní gbogbo ìgbà tó bá ń pe èèyàn. Wọ́n pè é, kò gbọ́. Wọ́n pè é títí, wọ́n ní bóyá ó ti lọ. Wọ́n fi káàdì rẹ̀ sábẹ́. Àwọn tó bá níbẹ̀ wọlé, àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ wọlé. Ó dìde lọ sí fèrèsé, ó fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ lé e padà pé kó lọ jókòó, kó dúró de orúkọ rẹ̀. Orí bẹ́ǹṣì yẹn ni omi rẹ̀ ti tú. Ìyá arúgbó kan tó jókòó tì í ló figbe ta. Àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, lórí ilẹ̀, ló bí ọmọ náà sí, kí wọ́n tó gbé e wọlé. Ọmọ pẹ́ kó tó ké. Yẹmisí ń wò wọ́n tí wọ́n ń sáré lórí ọmọ rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ fún un bóyá ó wà láàyè tàbí ó ti kú.

Ọmọ náà yè, o mọ̀ ọ́n, ó ń bá ọ ṣeré. Ṣùgbọ́n nígbà tó tún lóyún ìkejì, ó ní òun ò ní padà síbẹ̀. Ilé ló bí i sí. Èmi àti Báńjí jókòó sí ẹnu ọ̀nà títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ohun tí wọ́n fẹ́ nìyẹn, Táyọ̀. Wọ́n fẹ́ kí ẹni tó gbọ́ èdè wọn máa jókòó ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ tí wọ́n ń dá àwọn aláboyún lóhùn, kí a sì lè ránṣẹ́ pè é bí ìrọbí bá mú ẹnì kan. Kò tóbi. Kò ṣeé fi ribọ́nì dì, kò sì ní dára nínú fọ́tò. Bóyá ìdí nìyẹn tí o ò fi ronú kàn án.

Mo ní ẹ̀karùn-ún lọ́kàn nígbà tí mo jókòó, ó ti fò mí lórí, inú ń bí mi. Jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe jíṣẹ́ rẹ.

Mo lọ sí Ìsẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, nítorí ìyá ni mí. Báńjí wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń fá pákó. Ó rí mi, kò dúró. Mo ní, "Táyọ̀ ní kí n bẹ̀ ọ́." Ó gbé ohun tó ń fi fá pákó sílẹ̀, ó ní, "Kí ló dé tí kò fúnra rẹ̀ wá?" Mo ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí pákó tó wà nílẹ̀ yíká, ó ní, "Èmi ńkọ́?" Yẹmisí bu omi fún mi. Mo mu ún.

Ìgbà tí inú Báńjí rọ̀ díẹ̀ ló sọ fún mi ohun tí àwọn adití ti ń ṣe. Wọ́n ti lọ sí ilé ìwòsàn yẹn fúnra wọn, àwọn mẹ́ta pẹ̀lú Ṣadé, wọ́n bá mátírọ́ọ̀nù tuntun tó wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Mátírọ́ọ̀nù ní òun á fún Ṣadé ní àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ṣùgbọ́n kò sí owó tí ìjọba yà sílẹ̀ fún un, àwọn ló máa wá owó ọkọ̀ rẹ̀ àti ohun tó máa jẹ. Nítorí náà, wọ́n lọ bá àwọn ọlọ́kadà Ìsẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n wá bá àwọn gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Àwọn ọlọ́kadà gbà, wọ́n sì ń fọ́nnu. Rẹfirí ò ní fọn fèrè, aṣọ pupa ló máa máa jù sókè, ẹni tí kò bá gbójú sókè wò ó ti ṣẹ̀. Báńjí ní àwọn ọlọ́kadà ò ní lè ṣe é, nítorí wọn kì í wo ibì kan. Ó rẹ́rìn-ín níbi tó ti ń sọ ọ́. Yóò kan àpótí ìjókòó tí wọ́n máa tà, àwọn obìnrin á dín àkàrà. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè parí kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò sí alága.

Mo ní ṣé wọn ò lè sún un síwájú díẹ̀, kí àjọ yín lè bá wọn dá sí i. Yẹmisí ló dá mi lóhùn. Ó ní ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn, Bísí, tó ń kọ́ṣẹ́ irun lọ́dọ̀ ẹnì kan ní Èmùré níbí. Oyún àkọ́kọ́ ló wà nínú rẹ̀, ó sì ti wọ oṣù ìbímọ. Ó ní, "Ṣé ọmọ inú máa dúró de àjọ?"

Mo wá bi Báńjí pé ṣé kí n sọ fún ọ pé kó o wá. Ó ronú. Ó ní kí o wá sí ìpàdé wọn lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé bọ́ọ̀lù náà, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kí o má mú bánà wá, kí o má mú ẹni tó ń ya fọ́tò wá. Bí Ṣadé ò bá ráyè wá, kò sí ẹni tó máa túmọ̀ fún ọ. Ó ní kí n fi ọkàn rẹ balẹ̀, wọ́n á máa fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, wọn ò ní jẹ́ kó yára jù fún ọ. Ṣé o rí i? Òun ló tún ń ro tìrẹ.

Bí o bá débẹ̀, kí o kọ́kọ́ bẹ Yẹmisí. Ojú rẹ̀ ni wọ́n ti fi ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀sín. Lẹ́yìn náà, kí o bẹ Báńjí. Má ṣàlàyé. O mọ àlàyé ṣe jù. Bí àwọn ọ̀gá rẹ bá béèrè ìròyìn, sọ òótọ́ fún wọn pé o ṣe é, kò dára, o sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́tun lọ́dọ̀ àwọn tó ni ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ èèyàn gidi, wọ́n á gbọ́. Bí wọn ò bá gbọ́, iṣẹ́ míràn wà láyé, Báńjí kan ṣoṣo la ní.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ di ìtìjú fún ọ. Kó fún ọ ní ojú tó ń ríran àti ọkàn tó ṣeé bá wí. Àmín. Jẹun dáadáa ní Adó yẹn, mo rí i pé ọrùn rẹ ti ń gùn.

Kí n tó kúrò ní Ìsẹ̀, mo bi wọ́n pé kí ni iṣẹ́ tèmi lọ́jọ́ Sátidé. Mo ti ń múra sílẹ̀ pé wọ́n á ní kí n máa gba àlejò, èmi tí mo ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Yẹmisí wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó nawọ́ sí ìdí ààrò. Àkàrà ni màá máa dín láti ọ̀sán, nínú èéfín, lábẹ́ Yẹmisí fúnra rẹ̀, ẹni tí mo fi ọjọ́ orí bí, tó sì máa ń gbá mi lọ́wọ́ bí epo bá gbóná jù. Mo gba síbí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwọ náà, ohun tí wọ́n bá gbé lé ọ lọ́wọ́, gbà á.

Èmi ni,
ìyá rẹ tí inú ń bí, tó sì ń retí rẹ ní Ìsẹ̀.